Ohun Tó Wà Nínú Àpò Kòtò Kẹjọ

Láti ara páálí ṣúgà ni mo ti máa ń gé ìwé àmì náà. Mo máa ń gé e kó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, kó sì gùn tó ọwọ́ mi láti ọrùn ọwọ́ dé orí ìka. Pẹ́ńsùlù ni mo fi ń kọ ọ́, kì í ṣe bírò, nítorí bí omi bá kan bírò, á ṣàn, ṣùgbọ́n omi kì í pa ohun tí a fi pẹ́ńsùlù kọ rẹ́. Ohun mẹ́ta ni mo ń kọ síbẹ̀: nọ́ńbà kòtò, ọjọ́ tí a di àpò, àti orúkọ ìlú wa. Mo máa ń tì í bọ inú àpò ìdọ̀họ kí n tó fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu àpò náà pa. Ọdún mẹ́rin ni mo fi ṣe iṣẹ́ yẹn ní Òsí, láti ìparí àwọn ọdún 1970 títí wọ àwọn ọdún 1980.

Òkúta dúdú kan ni wọ́n ń wà lẹ́yìn ìlú wa, ní ọ̀nà tó lọ sí Ìdọ̀fin. Ó kéré, ṣùgbọ́n ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, tó bá gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, ọwọ́ rẹ̀ á já wálẹ̀ díẹ̀. Láti ìgbà àwọn baba wa ni àwọn àgbẹ̀ ti ń fi ọkọ́ gbá a dànù nínú oko iṣu. A kò mọ̀ pé ẹnì kan ń wá a títí ọ̀gá wa fi dé.

Ọmọ Ìlọ́fà ni ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n Jọ́ọ̀sì ló ti dàgbà, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà láti ìgbà àwọn òyìnbó. Ó wá sin baba rẹ̀, ó rí òkúta náà lọ́wọ́ àwọn ọmọdé tó ń ta ayò, ó sì mọ ohun tó rí. Ọdún kejì ló padà wá gẹ́gẹ́ bí aṣojú ilé-iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọ́ ilé páànù kékeré kan sí etí ọ̀nà, wọ́n gbé òṣùwọ̀n síbẹ̀, wọ́n sì pín ilẹ̀ náà, ní apá méjèèjì odò, sí kòtò méjìlá fún ìdílé méjìlá. Ó béèrè lọ́wọ́ olùṣọ́-àgùntàn ìjọ wa pé ta ló mọ̀wé kọ tí kì í sọ̀rọ̀ jù. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mi ò sì rí ibi tí mo máa lọ. Bí mo ṣe dé ilé páànù nìyẹn. Akọ̀wé ni gbogbo ayé ń pè mí láti ọjọ́ náà, títí kan ìyá tó bí mi.

Ọ̀gá wa kì í fi nǹkan pa mọ́ fún wa. Ó sọ ibi tí òkúta náà ń lọ. Lọ́rì máa ń gbé e láti Òsí lọ sí Jọ́ọ̀sì ní oṣù méjì-méjì. Ní Jọ́ọ̀sì ni ẹ̀rọ ti ń fọ̀ ọ́ mọ́ ní àpò kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n á sì dá ìwé àmì rẹ̀ padà sínú rẹ̀. Rélùwéè á gbé e dé Pọ́tákọ́ọ̀tù, ọkọ̀ ojú omi á gbé e kọjá òkun, wọ́n á yọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ irin, irin náà á sì lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì bàálù. Ó ní ibi tó gbóná jù nínú ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń lò ó sí.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òyìnbó kan wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rà á. Ó ga, oòrùn ti bó imú rẹ̀. Ó wo gbogbo kòtò, ó wo bí àwọn obìnrin ṣe ń fi igbá fọ òkúta lódò, lẹ́yìn náà ló wọ ilé páànù wá jókòó síwájú mi. Ó ní àwọn ní irú èèyàn báyìí ní Bùràsíì, ní Màléṣíà, àti ní ibòmíràn. Ó ní àwọn kò bẹ̀rù òkúta tí kò dáa, nítorí kò sí ilẹ̀ tí òkúta tí kò dáa kò sí. Ohun tí àwọn bẹ̀rù ni èyí tí kò dáa tí àwọn kò mọ ibi tó ti wá. Ó mú ìwé àmì kan lórí tábìlì mi, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó bi mí pé bí irin kan bá là lọ́wọ́ òun lọ́hùn-ún, ṣé mo lè fi ìka han òun kòtò tó ti wá?

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Nígbà tó lọ tán, ọ̀gá wa tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún àwọn awakùsà kí ó lè yé wọn. Ó ní, "Bí mọ́tò bá kú lójú ọ̀nà Èrúkù, awakọ̀ á sọ̀ kalẹ̀, á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ta ló máa sọ̀ kalẹ̀ ní ojú ọ̀run?"

Òfin kan tún wà. Kòtò tí kò bá kún àpò kan kí lọ́rì tó dé, tó sì tún rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí lọ́rì dé lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ni ín fún ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, ló ni kòtò kẹjọ. Ọkọ rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ní àárín òjò ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọkọ náà. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi run ún. Ní ọjọ́ karùn-ún, a gbé e sínú ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin, kò sì dé Ìlọrin. Ó fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀. Obìnrin ni àgbà wọn, ìwé tí wọ́n fi gbà á sí ilé ẹ̀kọ́ girama sì ti dé. Ìyá rẹ̀ fi ọ̀rá wé ìwé náà, ó fi sínú Bíbélì.

Nígbà tí lọ́rì dé lẹ́yìn ìsìnkú, kòtò kẹjọ kò ní àpò kankan. Nígbà tó kù bí ọ̀sẹ̀ kan kó tún dé, ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wa tó ìlàjì àpò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Mo mọ̀ pé kò lè kún un, òun náà mọ̀, gbogbo àwọn tó ni kòtò mọ̀.

Ní ìlú wa, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnì kan nígbà ìkórè, àwọn aládùúgbò máa ń wá fi iṣu kún iṣu rẹ̀. Àbùkún là ń pè é. Òfin rẹ̀ kò ju méjì lọ. Ẹni tí a ń bù kún kò gbọ́dọ̀ wo ẹni tó ń bù, ẹni tó bù kò sì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó bù láéláé. Bí opó bá mọ̀ pé ti lágbájá kéré tàbí pé ti làkáṣègbè pọ̀, kò ní lè wojú wọn bákan náà lọ́nà odò mọ́. Nítorí náà, wọ́n á ní kó jókòó kó kọjú sí ògiri. Ọ̀kan nínú ìbátan rẹ̀ á jókòó tì í, òun náà á kọjú sí ògiri.

Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn wọn. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó lórí àpótí, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a kọjú sí ògiri. Àpò náà wà lẹ́yìn wa pẹ̀lú ẹnu ṣíṣí. Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí aṣọ lórí abọ́, lẹ́yìn náà ni mo máa gbọ́ ìró òkúta tó ń dà sínú àpò. Obìnrin kan ní, "Ẹ wo Akọ̀wé, ó ń ka èèrà ara ògiri." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti kú.

Kì í ṣe èèrà ni mò ń kà. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo gbọ́ ìró yẹn. Ìkẹjọ gùn ju àwọn tó kù lọ, bíi kóńgò méjì tí a dà tẹ̀ lé ara wọn.

Nígbà tí wọ́n ní kí a yíjú, àpò ti kún.

Ní ọjọ́ Ajé, mo gé páálí, mo gbé pẹ́ńsùlù. Mo mọ ohun tí mo sọ fún òyìnbó yẹn. Ṣùgbọ́n òkúta kan náà ni gbogbo wọn, láti inú ilẹ̀ kan náà. Mo wò ó, mo gbé e wọ̀n lọ́wọ́, kò sí ìyàtọ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀: Kòtò 8. Mo rán ẹnu àpò pa.

Oṣù márùn-ún kọjá. Lọ́jọ́ Ajé kan, ọ̀gá wa dé nínú ọkọ̀ kékeré, kì í ṣe ọjọ́ lọ́rì. Ó jókòó, ó bọ́ fìlà, ó mú lẹ́tà kan jáde nínú àpò rẹ̀, àti ìwé àmì kan. Mo mọ̀ ọ́n kó tó gbé e kalẹ̀. Páálí mi ni, ìkọ̀wé mi ni. Omi òkun kò pa á rẹ́.

Ó ní wọ́n ti rí nǹkan mìíràn nínú àpò kan tó wá láti Òsí. Dúdú ni, ó wúwo bíi tiwa, ojú kò lè mọ̀ ọ́n, ọwọ́ kò lè mọ̀ ọ́n, àfi iná. Ó ti wọ inú irin kí wọ́n tó mọ̀. Nígbà tí wọ́n dán irin náà wò nínú ooru, ó là. Kò tíì wọ bàálù, Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ó ní àwọn òyìnbó kò bínú. Wọ́n ní kí a dí kòtò yẹn pa, kí a má sì wa ibẹ̀ mọ́, àwọn á máa ra ti àwọn tó kù lọ. Ohun kan péré ni wọ́n fẹ́ mọ̀ dájú.

Ó wò mí. Ó ní, "Ṣé inú kòtò kẹjọ nìkan ni gbogbo ohun tó wà nínú àpò yìí ti wá? Bí ìwé àmì kan bá purọ́, wọ́n ní àwọn kò ní gba ìyókù gbọ́ mọ́. Wọ́n á fi Òsí sílẹ̀."

Mo ní kó jẹ́ kí n lọ yẹ ìwé mi wò. Ó ní òun ń lọ kí ìyá òun ní Ìlọ́fà, òun á padà ní Ọjọ́bọ̀.

Kò sí ìwé kankan tí mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ọ̀dọ̀ baba tó jẹ́ olórí àwọn awakùsà ni mo lọ. Òun ló ni kòtò kẹta. Ó jẹ́ àgbà tí kì í gbé ohùn sókè, òun ló sì ń pín ibi tí olúkúlùkù máa fọ òkúta lódò, tí ẹnikẹ́ni kì í bá a jiyàn. Ó pe àwọn tó ni kòtò jọ lábẹ́ igi máńgòrò. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí gbogbo ẹni tó wá sí àbùkún ẹ̀gbọ́n mi bu ẹ̀kúnwọ́ kan péré wá láti inú kòtò rẹ̀. Ọ̀gá á kó wọn lọ sí Jọ́ọ̀sì, iná á sọ èyí tí kò dáa, a ó sì dí ìyẹn nìkan.

Ọkùnrin kan ní, "Akọ̀wé, ṣé ìwé rẹ ló máa bá wa sin òkú báyìí?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní kí n bá àwọn ṣírò iye iṣu tí ìyá òun fún ìyá mi nígbà tí baba mi kú.

Baba kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, àbùkún kò ní olúwa. Bí a bá tú u wò lẹ́ẹ̀kan, kò sẹ́ni tó máa bù fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ìwọ náà máa di opó lọ́jọ́ kan."

Òótọ́ ni ohun tó sọ. Òótọ́ mìíràn tún wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ: ẹni tó bá bu ẹ̀kúnwọ́ wá lè jẹ́ ẹni tí wọ́n máa dí kòtò rẹ̀. Mo rí i lójú wọn. Mi ò dá wọn lẹ́bi nígbà náà, mi ò sì dá wọn lẹ́bi nísinsìnyí.

Ní Ọjọ́rú, mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi. Ó ń bó ẹ̀gẹ́ fún gàrí lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti sọ ohun gbogbo fún un. Ó ti àpótí kan sí mi, mo jókòó, mo gba ọ̀bẹ kejì, a jọ ń bó o.

Ó ní, "Kòtò mélòó ló kù bí wọ́n bá yọ tèmi kúrò?"

Mo ní mọ́kànlá.

"Bó o bá sọ òótọ́, méjèèjìlá ló lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bó o bá parọ́, tèmi nìkan ló lọ."

Mò ń dúró kó ní kí n má ṣe é. Bó bá sọ ọ́, mi ò bá má ṣe é. Ó gbá èèpo jọ sínú agbọ̀n. Ó ní, "Ìwọ lo mọ̀wé. Ìwọ lo jókòó tì mí." Ó gbé agbọ̀n, ó lọ da èèpo fún ewúrẹ́, kò sì padà wá jókòó.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá wa béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Baba wà níbẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú kòtò kẹjọ nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀, mo sì fọwọ́ sí i.

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi dí kòtò náà. Gbogbo ìdílé mọ́kànlá ló wá pẹ̀lú ọkọ́ àti ṣọ́bìrì. Àṣà wa ni pé ẹni tí a bá ń ṣọ̀wẹ̀ nílẹ̀ rẹ̀ ló ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní jáde. Ó jáde. Ó gbé àsáró wá nínú ìkòkò ńlá, ó bù fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kí wọn kú iṣẹ́ bí ó ṣe ń bù ú. Wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Kò sẹ́ni tó béèrè fún òmíràn. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ilẹ̀ ti tẹ́jú, wọ́n sì ti fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ le.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Wọ́n mú un lọ sí Ìlọrin lọ gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ kan, kó máa bá wọn tọ́jú ọmọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń bá àwọn ará Ìdọ̀fin ro oko. Bí ó bá ń kọjá níwájú ilé páànù láàárọ̀, ó máa ń kí mi. Kò yẹ̀ rí, kò sì dúró rí.

Èmi ń gé páálí lọ. Láti ìgbà náà, mo ń dúró sí ẹnu kòtò kọ̀ọ̀kan títí wọ́n á fi bu òkúta rẹ̀ tán sínú àpò lójú mi. Ìwé àmì mi kò tún purọ́ mọ́. Ohun tó pa wá gan-an nìyẹn.

Òjò tún ti rọ̀ kọjá nígbà tí ọ̀gá wa dé nínú ọkọ̀ kékeré lẹ́ẹ̀kejì. Ìwé àmì méjì ló gbé kalẹ̀ sórí tábìlì mi, ti kòtò kẹjọ tẹ́lẹ̀ àti ti kòtò kẹta. Ó ní ohun kan náà ni wọ́n rí nínú àpò méjèèjì, ó jọra bí ìbejì. Ó ní àwọn òyìnbó béèrè ìbéèrè kan péré: báwo ni ohun tó wà nínú kòtò kẹta ṣe dé inú àpò kòtò kẹjọ, nígbà tí odò wà láàárín wọn?

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo sọ ti ògiri, ti ìró mẹ́sàn-án, ti ìkẹjọ tó gùn. Ọmọ Ìlọ́fà ni, kò sí ìdí láti ṣàlàyé àbùkún fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu tábìlì, bẹ́ẹ̀ ni tábìlì kò dọ̀tí.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yẹn ló yẹ kí o kọ́kọ́ sọ fún mi. Mo lè bẹ̀ wọ́n nítorí àpò kan tó dàpọ̀. Mi ò lè bẹ̀ wọ́n nítorí irọ́ tí o fọwọ́ sí."

Lọ́rì wá lẹ́ẹ̀kan sí i, láti gbé òṣùwọ̀n lọ. Àwọn awakùsà ṣì wa òkúta fún bí oṣù kan sí i, pé bóyá ẹlòmíràn á wá rà á. Kò sẹ́ni tó wá. Àwọn kan padà sí oko, àwọn kan lọ sí Èkó. Òjò kún àwọn kòtò mọ́kànlá náà, ọmọ ẹnì kan sì kú sínú ọ̀kan nínú wọn. Kòtò kẹjọ nìkan ló wà ní dídí.

Baba tó ni kòtò kẹta wá sí ilé ẹ̀gbọ́n mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Mo wà níbẹ̀. Ó jókòó, ó kọ omi, ó gbé fìlà rẹ̀ lé orúnkún. Ó bẹ̀rẹ̀ pé, "Lọ́jọ́ àbùkún yẹn, kóńgò méjì ni èmi..."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "A kì í sọ ọ́, Baba." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń dá ọmọ lẹ́kun. Baba jókòó díẹ̀ sí i, ó dìde, ó lọ. Kò pé ọdún kan tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n mi lo ọdún mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ni wọ́n ní ó pa á.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láti Ìlọrin fún ìsìnkú, ó ti dàgbà, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. A jọ ń yẹ ẹrù ìyá rẹ̀ wò. Ó rí ìwé ìgbàwọlé ilé ẹ̀kọ́ girama náà nínú Bíbélì, ó ṣì wà nínú ọ̀rá. Ó kà á tán, ó dá a padà síbi tó ti mú un. Ó bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni pé òkúta ìyá òun ló ba ti gbogbo ìlú jẹ́, nítorí ohun tí wọ́n fi ń bú òun nìyẹn nígbàkigbà tí òun bá wálé.

Mo ní rárá. Mo ní òkúta ìyá rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Ó ní, "Ta lẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ fún rí, Àǹtí?"

Mo ní mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnì kankan ní Òsí.